Ààrò tí kì í rú èéfín

Ní Lima, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun,
mo ya ààrò kan sórí bébà:
amọ̀ tí a sun, ojú iná méjì,
ọ̀pá gígùn tó ń kó èéfín gba orí òrùlé jáde.
A dáná sí i. Mo fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ yàrá:
èéfín, òdo. Igi tó jó kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀.
Mo gbé ọwọ́ lé ìhà rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín,
ẹ wò ó, ooru kan ò ṣòfò!
Ridruejo ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́ títí apá fi ń ro mí.
A kó ogójì sẹ́yìn ọkọ̀, ó di orí òkè.

Òkè tí mo wí yìí, bí ẹni gbé òkúta sáyà lèèyàn ń mí níbẹ̀.
Omi a máa hó, ọ̀dùnkún inú rẹ̀ a ṣì le koko.
Etí òkun ni mo ti wọn tèmi.

Hilaria Ccahuana kí mi káàbọ̀ sí Chillkapata.
Ó ní ààrò náà dára, ó dára púpọ̀.
Mo ya fọ́tò òun àti ààrò.
Àlejò lójú ńlá, kò fi ríran.

Ọdún yípo kí n tó padà, tèmi ti fọ́ọ̀mù ìbéèrè.
Ó ti fọ ààrò mi mọ́ tónítóní.
Ẹyin adìyẹ wà lójú iná ọ̀tún,
irun àgùntàn wà ní tòsì.
Lẹ́bàá ògiri, lórí òkúta mẹ́ta,
iná ń jó, èéfín gba gbogbo ilé.
Mo wúkọ́. Inú bí mi.
Mo ní, "Ìyá, ojú yín ńkọ́? Àyà yín ńkọ́?"

Ó ní kí n wo òkè.
Koríko òrùlé dúdú, ó ń dán bí awọ bàtà.
"Èéfín ló ń kùn ún. Nígbà tí mò ń dáná sí tìrẹ,
kòkòrò wọ inú rẹ̀. Òjò tẹ̀lé kòkòrò."
Ó ní kí n wo ilẹ̀.
Àwọn ẹmọ́ òyìnbó, mẹ́tàlá, àbí mẹ́rìnlá, wọn ò dúró kí n kà wọ́n,
kuyí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, bí igbe wọn ti rí,
wọ́n rọ́ mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta gbígbóná.
"Ẹran ọdún nìyẹn. Owó ilé-ìwé Yeny nìyẹn.
Ara tìrẹ kì í gbóná.
Mẹ́rin kú lóṣù kẹfà."

Ara tèmi kì í gbóná.

Yeny fúnra rẹ̀ jókòó síwájú iná, ó ń ṣe ìṣirò,
ìmọ́lẹ̀ ń jó lórí ìwé rẹ̀.
Tèmi ní ilẹ̀kùn; ó ti ìmọ́lẹ̀ mọ́nú bí ahun.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń yin èéfín.
Ikọ́ ló pa ìyá Hilaria, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́,
ó ń bó ọ̀dùnkún lọ, ọ̀bẹ kò dúró.
"Èéfín ń pa mí díẹ̀díẹ̀, mo mọ̀.
Òtútù kì í ṣe díẹ̀díẹ̀."

Ìbéèrè kìn-ín-ní: Ṣé wọ́n ń lo ààrò náà?
Mo fàmì sí Bẹ́ẹ̀ ni. Adìyẹ ń lò ó.

Mo sùn síbẹ̀ lóru, lórí awọ àgùntàn.
Kuyí kan gun ẹsẹ̀ mi, ó jókòó, ó ń gbọ̀n.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yí fọ́ọ̀mù náà dojú délẹ̀,
mo mú lẹ́ẹ̀dì, mo kọ́kọ́ ya koríko òrùlé,
mo ya ògiri, mo ya ìwé ọmọ, mo ya ẹran mẹ́tàlá
(mẹ́rìnlá ni wọ́n, Yeny ló tún un ṣe),
mo ya ọwọ́ tó ń bó ọ̀dùnkún.
Bébà kún.
N kò tíì ya ààrò.